Ọ̀sẹ̀ Tí Ìyá Àgbà Fi Oúnjẹ Dá Àwọn Agégi Dúró

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí mi létí ni ìró èso ìyeyè lórí páànù. Kò. Yóò dákẹ́ díẹ̀. Kò, kò. Àlejò tó bá sùn sílé wa lásìkò èso á rò pé àwọn kan ló ń sọ òkò lù wá, ilẹ̀ á sì mọ́ kó tó gbà pé ọ̀tá kankan kò sí níta. Àwọn àgùntàn ló máa ń kọ́kọ́ jí, torí wọ́n fẹ́ràn ìyeyè ju ewé lọ. Wọn a máa fi ìwo ti ara wọn nítorí èso kan ṣoṣo, nígbà tí ogójì wà nílẹ̀ tí wọn kò rí. Lẹ́yìn wọn ni odó ìyá mi, lẹ́yìn odó ni alùpùpù àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní sẹ́mì, tí wọ́n ń gbé èrò láti Kpoulou lọ sí ọjà Adja-Ouèrè. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ohùn Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí yóò máa pè mí pé kí n jáde wá gbálẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, yàrá rẹ̀ ni mò ń sùn sí, èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń pọnmi, èmi náà ni wọ́n sì máa ń bú bí àgùntàn bá jẹ ìyeyè tó yó jù. Títí di òní mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe sí ikùn àgùntàn.

Igi ìyeyè tí mò ń wí yìí wà láàárín àgbàlá, níwájú yàrá Ìyá Àgbà. Ó tóbi débi pé àwa ọmọdé mẹ́ta kò lè nawọ́ yí i ká. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń làjà, ibẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n ń làjà fún ti tún ń bẹ̀rẹ̀ ìjà mìíràn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò àkọ́rọ̀ dé tòun tìjì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, igi náà ti tẹ̀ síhà yàrá wa bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé. Gbòǹgbò rẹ̀ kan ti gbé ilẹ̀ sókè lẹ́yìn, ihò sì wà níbẹ̀. Bàbá mi ti ọwọ́ bọ ihò náà, ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí òjò kejì rọ̀, ó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó dé ìgúnpá. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi, kò sí ohun tí kì í fi rúlà wọ̀n. Ó mú ìwé, ó ya igi, ó ya yàrá, ó fa ìlà láti orí igi dé ibi tó máa ṣubú sí. Orí ibùsùn tí èmi àti Ìyá Àgbà ń sùn sí gan-an ni ìlà náà parí sí. Ó fi ìwé náà han ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà yí ìwé náà padà, ó wò ó nídà kejì, ó ní àwòrán náà kò burú, ṣùgbọ́n ilé òun kò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Bí a ti ń ṣe ìpàdé láti ayébáyé, abẹ́ igi la kó àga sí. Ṣùgbọ́n kí bàbá mi tó la ẹnu, Ìyá Àgbà ní a kì í jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ènìyàn ká máa gbìmọ̀ ikú rẹ̀. Ni gbogbo ẹbí bá gbé àga wọn, àwọn àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n lọ ṣe ìpàdé lẹ́yìn balùwẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí igi má baà gbọ́. Àwọn aládùúgbò kan mú àáké wá, wọ́n ní ìgò ògógóró sọ́dábì kan péré ni àwọn máa gbà, igi á sì wà nílẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bàbá mi rán wọn létí pé igi tí wọ́n gé gbẹ̀yìn, orí ilé ìgbẹ́ tiwọn ló wó lé, pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọrọ ààyè lọ́dọ̀ wa. Ó ní oníṣẹ́ lòun fẹ́, ẹni tó ní ẹ̀rọ, tó ní okùn, tó máa ń gé igi láti òkè wá sílẹ̀ ní ègé ní ègé. Gbogbo wọn gbà. Ìyá Àgbà nìkan ni kò gbà. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó kó ẹrù rẹ̀ wá sí yàrá òun títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Ìyá Àgbà ní òun kò rí ibi tí òun ń lọ.

Ràímì lorúkọ oníṣẹ́ náà. Láti ìhà Oko-Akarè ni wọ́n ti wá, òun àti ọkùnrin méjì: Sùlé tí kì í sọ̀rọ̀, tó ń mójú tó okùn, àti Kòjó, ọmọ Ègùn kan tó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí i, tó jẹ́ pé òun ló máa ń gun igi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé fìlà ike líle. A ò rí irú rẹ̀ rí lórí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá, ni gbogbo ọmọ àdúgbò bá tẹ̀ lé wọn wọlé. Ràímì yí igi náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀ bí télọ̀ ṣe ń wo oníbàárà tó sanra. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó tẹ́tí sí i, ó ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù pọ́tábù rẹ̀, ó wá sọ fún bàbá mi ní ohùn jẹ́jẹ́ pé igi náà kò ní dúró de òjò ńlá. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sí yàrá yẹn mọ́. Bàbá mi wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ro ọkà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé òfin méjì tó wà nílé wa, torí àwọn ló fa gbogbo rẹ̀. Àkọ́kọ́, àlejò kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ láìjẹ́ pé àgbà obìnrin ilé ti fún un lómi, kó sì fún un lóúnjẹ. Bí àlejò bá kọ oúnjẹ náà, ohun tó sọ ni pé àjẹ́ ni obìnrin yẹn, pé ó ti fi nǹkan sí i, kò sì sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi ẹ̀rín bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìkejì, ẹni tó bá jẹun lábẹ́ igi kò gbọdọ̀ gbé irin sí igi náà títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn yóò fi ṣú. Ẹni tó ṣíji bò ọ́ tí o fi jẹun yó, o ò lè tìtorí pé o ti nu ẹnu tán kí o gé e lẹ́sẹ̀. Òfin méjèèjì ti wà tipẹ́, kálukú wọn ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, wọn kò sì bá ara wọn pàdé rí. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ fojú wọn kan ara wọn.

Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ ìyeyè. Ó gbé ọkà àgbàdo kalẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹja gbígbẹ sùn sínú rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dúró tì wọ́n títí àwo fi mọ́. Lẹ́yìn náà ló bi Ràímì bóyá ó dùn. Ràímì ní ó dùn gan-an ni, kí Ọlọ́run bá òun bù sí i. Ìyá Àgbà ní àmín. Ó wá ní, “Ọmọ mi, abẹ́ kí lẹ jókòó sí jẹ ẹ́?” Ràímì gbé ojú sókè. Mo rí i bó ṣe wo ewé, tó wo àwo, tó tún wo ewé. Ó ṣí fìlà ike náà kúrò lórí díẹ̀díẹ̀. Ó yíjú sí bàbá mi, ó ní ìyá tó bí òun náà kọ́ òun lófin yẹn, pé kí wọ́n má bínú, àwọn máa padà wá lọ́la. Kòjó ń lá ìka rẹ̀. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé kí àwọn àgùntàn tó jí. Wọ́n bá ẹní nílẹ̀. Àbọ́bọ̀ ẹ̀wà ni ti ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú epo àti gàrí. Lọ́jọ́ kẹta, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ràímì àti Sùlé gba ààwẹ̀ àfínnúfíndọ̀ṣe, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ẹni tó gba ààwẹ̀ pe àgbàlagbà ní àjẹ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n Kòjó kì í ṣe Mùsùlùmí, òun ló sì ń gun igi. Ó ti búra fún ọ̀gá rẹ̀ lójú ọ̀nà pé inú ń run òun, pé òun ò ní lè jẹ nǹkan kan. Ìyá Àgbà kò bá a jiyàn. Ó kàn gbé ìkòkò epo ka iná sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, ó ń gé wàgásì, wàrà líle tí wọ́n rà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní, ó ń dín in. Kòjó kọ́kọ́ rìn lọ sẹ́yìn ilé. Ó padà dé. Ó lọ dúró sídìí alùpùpù wọn, ó ń nu gíláàsì rẹ̀. Nígbà tí mo tún máa wo ibẹ̀, ó ti jókòó lórí ẹní, ó ń bi Ìyá Àgbà bóyá ata ṣì wà.

Lọ́jọ́ kẹrin bàbá mi gbé ọgbọ́n tuntun dé. Ó ní òfin kò sọ pé kí àlejò má jẹun, ó ní abẹ́ igi ni kò gbọdọ̀ ti jẹ ẹ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo, olùkọ́ tí kì í gbé àwo, ó gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà àbáwọlé lọ sétí títì lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kadà sẹ́mì, ó ní kí àwọn agégi jókòó síbẹ̀ kí wọ́n jẹun. Wọ́n jẹ ẹ́. Bí wọ́n ti ń nawọ́ sí ẹ̀rọ, Ìyá Àgbà dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó fi ọ̀pá náà tọ òjìji igi láti ìdí rẹ̀ wá, ó ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sọdá kòtò, ó sì dúró síbi àwo. Àárọ̀ ni, oòrùn kò tíì gòkè, òjìji igi ti nà dé títì. Ó ní ibi tí òjìji igi bá dé, abẹ́ rẹ̀ ni. Bàbá mi ní rárá, abẹ́ igi ni ibi tí ẹ̀ka bá dé. Àwọn ọlọ́kadà pa alùpùpù wọn, wọ́n di ilé ẹjọ́. Ẹnì kan ní bó bá rí bí Ìyá ti wí, a jẹ́ pé abẹ́ ìyeyè ni òun náà ti ń gba èrò láti ọdún yìí wá. Òmíràn ní kí wọ́n dúró di ọ̀sán, òjìji á padà sílé. Àgbà wọn kan dájọ́ nígbẹ̀yìn: ó ní bí òjìji kò bá ṣe ara igi, kí bàbá mi sọ ohun tí ó ń fún un ní ìtura bó ṣe dúró yẹn. Bàbá mi wo ilẹ̀. Inú òjìji ló dúró sí.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ kan ṣe lọ. Àwọn agégi ń wá lárààárọ̀, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe torí ojú ń tì wọ́n. Ràímì fi okùn ńlá so igi náà mọ́ ọ̀pẹ tó wà lódì kejì, torí okùn kì í ṣe irin. Kòjó tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná kàn. Sùlé kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta kókó tí kì í tú, mo sì fi so àgùntàn kan tí a ò rí tú títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá rò ó lónìí, èmi tí mo ń gbé láàárín ògiri sìmẹ́ǹtì, tí n kì í mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè mi, ọ̀sẹ̀ yẹn wà lára èyí tó dùn jù láyé mi. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ẹ̀rù ò bà mí. Bàbá mi lẹ̀rù ń bà. Ó ti ọwọ́ bọ ihò ìdí igi lẹ́yìn òjò kẹta, ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé èjìká, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí iná. Ó ní, “Ìyá, igi yìí máa pa yín.” Kò pariwo. Ìyá Àgbà ní kó pa òun, igi náà ti mọ òun kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ó ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Bàbá mi jókòó síbẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, mo rò pé èéfín ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà rán mi pé kí n lọ mú iyọ̀ wá nínú yàrá, torí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹja tí yóò fi ṣẹ́gun àwọn agégi lọ́jọ́ kejì. Òjò ò tilẹ̀ rọ̀. Atẹ́gùn kan ló kàn fẹ́ wá láti ìhà oko, èyí tí kò lè gbé aṣọ kúrò lórí okùn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ibùsùn níbi tí agolo iyọ̀ wà. Mo gbọ́ ohun kan tó ya, lẹ́yìn náà mo rí ojú ọ̀run. Ẹ̀ka kan tó tóbi ju ìbàdí mi lọ ti gba orí páànù wọlé, ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn wa, ó gbé ewé rẹ̀ lé ìrọ̀rí bí ẹni tó ń sinmi. Okùn Ràímì di igi mú, kò lè di ẹ̀ka mú. Èmi wà láàárín ibùsùn àti ògiri, iyọ̀ kún irun mi, n kò sì gbọgbẹ́. Ìyá Àgbà mi, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, sáré. Mi ò rí i kó sáré rí ṣáájú ìgbà náà, mi ò sì tún rí i mọ́. Ó gba abẹ́ ẹ̀ka wọlé, gèlè rẹ̀ já sílẹ̀, ó fà mí jáde, ó sì ń ka ìka ọwọ́ mi. Ó kà wọ́n tán, ó tún ka ti ẹsẹ̀. Ó ń ṣi iye wọn kà, ó ń padà síbẹ̀rẹ̀. Ó kó mi lọ sí yàrá bàbá mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé wa dákẹ́ lọ́nà tó jẹ́ pé àwọn àgùntàn náà fura. Odó kò dún. Èéfín kò jáde. Àwọn agégi dé, Kòjó ti ń wá omi tí yóò fi fọwọ́. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ti da ojú gbogbo ìkòkò rẹ̀ dé. Ní ilé tiwa, ẹni tó bá da ìkòkò dé níwájú àlejò ti lé e lọ, ẹni tí wọ́n sì lé kì í ṣe àlejò tí òfin oúnjẹ ń dè mọ́, gbogbo wa sì mọ ohun tó ná an láti ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú ènìyàn mẹ́ta tó ti ń pè ní ọmọ. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ìyá Àgbà sọ fún Ràímì pé, “Ẹ má jókòó. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọ ilé yìí níyàwó, abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti bu oúnjẹ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ tí n kò jẹun níbẹ̀. Ọjọ́ wo ni ǹ bá wá sọ fún yín pé kí ẹ gé e?” Ó tọ́ka sí àwọn ìkòkò tó dojú dé. “Lónìí, n kò tíì jẹ.”

Ràímì dọ̀bálẹ̀ fún un tòun ti fìlà ike lórí. Lẹ́yìn náà ó fa okùn ẹ̀rọ. Wọ́n gé igi náà láti òkè wá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí, ègé kọ̀ọ̀kan ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sì sí àwo kan tó fọ́ nínú ilé. Bàbá mi bọ́ ẹ̀wù, ó ń bá wọn fa ẹ̀ka. Àwọn èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló rì mọ́lẹ̀ láti fi ṣe ọgbà àgùntàn, gbogbo wọn ló sì ti yọ ewé kí òjò ọdún náà tó tán. Ìyeyè kì í gbọ́ pé wọ́n ti pa òun. Ìyá Àgbà kò kúrò lójú kan. Kò mu omi. Àwa náà kò jẹun, ìyẹn kò sì sí nínú òfin kankan, kò kàn sí ẹni tó lè gbé e mì ni. Oòrùn ń bọ́ sí àwọn ibi tí kò dé rí nínú àgbàlá. Mo rí i pé ògiri wa dọ̀tí, mo rí i pé àgbàlá náà kéré.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí ìdí igi ṣubú, ilẹ̀ sì mì tìtì. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Ìyá Àgbà dìde, ó ní kí ìyá mi wá nǹkan fún òun. Ẹ̀kọ tútù ló wà, pẹ̀lú ẹja tó kù láti àná. Ó gbé àwo náà dání, ó rìn dé àárín àgbàlá, ó sì dúró. Ó yí sí apá kan, oòrùn wà níbẹ̀. Ó yí sí apá kejì, oòrùn wà níbẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Gbogbo wa ń wò ó.

Bàbá mi ló jáde láti àárín àwọn ẹ̀ka, ìyẹ̀fun igi bò ó lórí. Ó gbé àpótí wá, ó gbé e sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró sáàárín rẹ̀ àti oòrùn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó. Ó rọra ń jẹun, kò yára rárá. Bí oòrùn bá sún, bàbá mi á sún ẹsẹ̀ kan. Ó jẹun tán, ó fi omi fọ ọwọ́, ó gbé ojú sókè wo bàbá mi.

“Adéòtí.”

“Ìyá.”

“Mo ti jẹun lábẹ́ rẹ. Kò sẹ́ni tó lè gé ọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.”